Òṣómàáló Lẹ́nu Ọ̀nà Bàbá Olómi

Lọ́jọ́ tí Ọdúntán Adéyọrí fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ omi ní Iléṣà, aago ògiri ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Aago ńlá ni, ó ní àwòrán ọ̀kín nínú, ó sì máa ń kọrin bí wákàtí bá pé. Ọdúntán gbà á, ó dúpẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Nígbà tó délé ló tó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè.

"Ìyá Ṣèyí, ẹni tí kò níbi tó ń lọ mọ́, kí ni wọ́n fẹ́ kó máa fi aago ṣe?"

"Kó lè mọ bó ti pẹ́ tó tó ti jókòó," ni Ọlájùmọ̀kẹ́ fi dá a lóhùn.

Bàbá Olómi ni gbogbo ìlú ń pe Ọdúntán. Òun ló ń gbé kọ́kọ́rọ́ irin gbọọrọ nnì kọ́ èjìká, èyí tó ga tó àgbàlagbà, tó ní orí bí àgbélébùú, tí wọ́n fi ń yí fáàfù inú ilẹ̀. Fáàfù ni ilẹ̀kùn omi nínú páìpù: bí wọ́n bá ṣí i, omi á lọ sí àdúgbò kan, bí wọ́n bá tì í, àdúgbò yẹn á gbé korobá, á forí lé kànga. Láyé ìgbà tí omi ẹ̀rọ ṣì ń yọ dáadáa, tí àwọn ọmọbìnrin ṣì ń to korobá sídìí ẹ̀rọ ojú títì láti ìdájí, tí ìjà àti ẹ̀rín wọn sì ń jí gbogbo àdúgbò, bí Ọdúntán bá ti yọ ní kọ̀rọ̀, ariwo á ta: "Bàbá Olómi, ṣé tiwa ni tòní?" Òun a sì mi orí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ọba tó ń gbọ́ ẹjọ́. Onílé obì ni Ìjẹ̀ṣà, obì kì í sì í gbẹ lápò rẹ̀. Kò sílé tó yà tí wọn kì í fi iṣu sísun lọ̀ ọ́.

Níbi àpèjẹ ìfẹ̀yìntì yẹn, ó sọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wọn gbádùn. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu. Gbogbo omi Iléṣà, orí mi ló wà." Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Kò sẹ́ni tó ronú láti ní kó tú u kalẹ̀ kó tó máa lọ.

Òun nìkan ló mọ̀ pé irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó mọ gbogbo fáàfù ìlú bí ẹni mọ eyín ẹnu rẹ̀, àfi ẹyọ kan, ẹyọ kan náà sì ni olórí wọn. Fáàfù Àgbà ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń gbé omi gun òkè lọ sí Ìsọ̀kùn. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń ti omi gòkè ti kú, nígbà tí Ṣèyífúnmi ọmọ rẹ̀ ṣì ń lọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án mọ́. Ìjọba wá fẹ ọ̀nà Òkè-Ẹ̀ṣọ̀, wọ́n da ọ̀dà lé e, wọ́n gé igi iyeyè ńlá tó wà níbẹ̀, wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Lọ́jọ́ kan tí Ọdúntán ń kọjá, ó ní kóun bẹ fáàfù náà wò. Ó dúró láàrin ọ̀nà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ṣọ́ọ̀bù olófóònù, ṣọ́ọ̀bù olófóònù, ṣọ́ọ̀bù olófóònù. Ó rọra gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń lọ sílé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Olómi lè jáde sọ pé òun ti sọ omi nù?

Ó rò pé òun ti bọ́. Àfi bí wọ́n ṣe gbé ẹ̀rọ tuntun dé.

Wọ́n ti kéde lórí rédíò pé omi yóò dé Ìsọ̀kùn kí ọdún Ìwúde tó dé. Bí wọ́n bá sì tan ẹ̀rọ yẹn nígbà tí Fáàfù Àgbà ṣì wà ní títì, páìpù yóò bẹ́, omi yóò sì gbé ọ̀nà Òkè-Ẹ̀ṣọ̀ lọ tòun ti ṣọ́ọ̀bù olófóònù. Àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ fi ọgbọ́n orí ara wọn gbẹ́lẹ̀ wá a. Kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ ilé wòlíì kan ni wọ́n lù. Odindi ọjọ́ kan ni Òkè-Ẹ̀ṣọ̀ fi ti fèrèsé, wòlíì náà sì sọ pé òun ti rí i lójú ìran tẹ́lẹ̀ pé nǹkan kan yóò tú jáde.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi mọ́tò wá gbé Ọdúntán lọ sí ọ́fíìsì àgbà ní Alékùwodò, l'Óṣogbo. Wọ́n gbé e jókòó síwájú ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n fún un ní tíì àti mítípáì. Wọ́n fi iná ẹ̀rọ kan ya àwòrán Iléṣà sára ògiri.

"Bàbá, ẹ káàbọ̀ o," ni Ọ̀gá Mùtàlíbù, tó jẹ́ olórí wọn níbẹ̀, wí. "Wàláhì, ọlá yín la ń jẹ. Ìwé àwòrán tí àwọn àtijọ́ fi sílẹ̀ fún wa, ikán ti jẹ gbogbo apá Òkè-Ẹ̀ṣọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọwọ́ kan ibi tí Fáàfù Àgbà wà."

Ọdúntán dìde, ó súnmọ́ ògiri, ó wo àwòrán náà tìtì.

"Kí rèé?"

"Iléṣà ni, Bàbá."

"Uléṣà kọ́ rèé. Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni Uléṣà. Èyí tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Ta ló tẹ ìlú wa mọ́lẹ̀ báyìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bó ti gbọ́ ẹ̀rín ni ara rẹ̀ yá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó kọ́kọ́ ri páìpù mọ́lẹ̀. Ó sọ ti ọ̀pọ̀lọ́ tó dí omi ọsibítù. Ó sọ ti ìyàwó olóyè kan tó ní kí wọ́n máa ṣí omi fún òun nìkan nítorí pé òun bí ìbejì. Tíì tutù, àwọn kan ń tòògbé, Ọ̀gá Mùtàlíbù ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Alihamudulilahi, Bàbá. Ó wá ku ibo ló wà."

Ọdúntán gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè. Ó ya ìka rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì gbé odindi àtẹ́lẹwọ́ lé àwòrán náà. Láti ọjà títí dé òkè, kò sí ohun tó yọ sílẹ̀.

"Ibí," ni ó wí. "Ibí gan-an ló wà." Ó padà lọ jókòó, ó jẹ mítípáì rẹ̀ tán.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pa á. Ọmọbìnrin ẹnjiníà tí ẹ̀rọ tuntun náà wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni, Ìníolúwa Fásanmí lorúkọ rẹ̀.

"Bàbá," ni ó wí, "ẹ má bínú o. Ọwọ́ yín bo ọjà kan, ṣọ́ọ̀ṣì, àti ilé ìfowópamọ́."

"Ọmọ mi," ni Ọdúntán dáhùn, "fáàfù náà tóbi."

Ọjọ́ kejì ni Ìníolúwa dé sílé rẹ̀ ní Iléṣà. Ọ̀gá Mùtàlíbù ti sọ fún un pé kó má padà wá bí kò bá mọ ibi tí fáàfù wà. Ó gbé fóònù ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láti fi ká ohùn Bàbá àti àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọdúntán wo fóònù náà bí ẹni wo ejò.

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Fásanmí ni wá, sà. Ará Òṣú. Ṣùgbọ́n Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí."

"Abájọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń pe ulé ní ilé. Ṣé o ti jẹun? A kì í bá ẹni tí ebi ń pa sọ̀rọ̀ omi nílẹ̀ yìí. Ìyá Ṣèyí! Àlejò dé o, ẹ gún nǹkan!"

Iyán ọjọ́ náà, ẹni bá jẹ ẹ́ kò ní gbàgbé. Ó funfun, ó fà, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tó bá a rìn sì kún fún ẹran ìgbẹ́. Ìníolúwa jẹ, Ọdúntán ń bù kún un. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi fẹ̀yìn ti àga, ó sì sùn lọ. Fóònù rẹ̀ ló ń ká ohùn lọ ní tirẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́yìn náà, híhanrun tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, àti orin aago ògiri.

"Bàbá, fáàfù ńkọ́?" ni ó wí bó ti ta jí.

"Ọjọ́ ti lọ, ọmọ mi. Ó di ọ̀la."

Lọ́la náà, àwọn ará ilé ní Bàbá ti lọ sóko kòkó. Ìníolúwa jókòó ní yàrá àlejò, ó ń retí. Nígbà tó ṣe, ẹnì kan sín gbàǹgbà nínú yàrá kejì.

"Ẹ kú oko o, Bàbá," ni ó wí. "Oko yín mà súnmọ́ ilé."

Ọdúntán jáde, ó ní ṣe lòun gbàgbé àdá. Ìníolúwa kò bá a jà. Ó kàn bọ́ bàtà rẹ̀, ó kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹ mọ iṣẹ́ tí bàbá bàbá mi ṣe láyé? Òṣómàáló ni wọ́n. Aṣọ ni wọ́n ń gbé kiri, wọ́n ń tà á láwìn títí dé ìlú àwọn ẹlòmíì. Ẹni tó bá yẹ àdéhùn, wọn kì í bú u, wọn kì í lù ú. Ojú ilé rẹ̀ ni wọ́n máa ń lóṣòó sí títí ojú á fi tì í. Ẹ̀yin náà jẹ mí ní ọ̀rọ̀ kan, sà. Òṣó ni màá ló, títí ẹ ó fi sọ ọ́."

Ó jáde síta, ó sì lóṣòó gírígírí sí ẹnu ọ̀nà, tòun ti sòkòtò jíìnsì.

"Dìde níbẹ̀! Orúnkún á dùn ọ́!"

"Ó ti ń dùn mí, Bàbá."

Ẹ̀rù ba Ọdúntán. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kò mọ òṣó. Wọ́n sọ fún un nígbà tó wà ní kékeré pé àbúrò bàbá rẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde nítorí irú rẹ̀, tó sì di ará Oǹdó títí láé.

Ọ̀kánkán ilé wọn ni Cornelius ń gbé, tíṣà iléèwé ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ̀yìn tì, tó wá ń ra obì pamọ́. Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ló máa ń jókòó ti apẹ̀rẹ̀, á máa ṣa obì, á sì máa ṣa ọ̀rọ̀ àdúgbò. Kò pẹ́ tó fi sọdá.

"Ọdúntán, ta lọmọbìnrin yẹn?"

"Ará ibi iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo? Ṣebí o ti fẹ̀yìn tì. Kí ló ń wá?"

Ọdúntán ronú. Bó bá dárúkọ fáàfù, Cornelius á bi í léèrè ibi tó wà. "Nǹkan kan ni," ni ó wí. "Nǹkan àtijọ́."

Cornelius wo Ìníolúwa. Ó wo Ọdúntán. Ó tún wo Ìníolúwa.

"Ó jọ ọ́ níwájú orí," ni ó wí, ó sì padà sídìí obì rẹ̀ kíákíá.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo òpópónà ti mọ̀ pé Bàbá Olómi bí ọmọ kan síta, pé ọmọ náà ti kàwé yanjú l'Óṣogbo, ó sì ti wá lóṣòó kí bàbá rẹ̀ lè jẹ́wọ́ òun. Àwọn obìnrin ń gbé omi inú ọ̀rá wá fún un, wọ́n ń fi ìborùn nu ojú ara wọn. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má dìde o. Ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́." Ìníolúwa rò pé ọ̀rọ̀ omi ló ká gbogbo ìlú lára tó bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ sì wú.

Fóònù Ọdúntán dún. Ṣèyífúnmi ni, láti Àbújá.

"Dádì, ẹ kú ilé. Wọ́n ní mo ní àbúrò."

"Ta ló wí?"

"Fótò rẹ̀ ti wà lórí Wasáàpù àwọn ọmọ Iléṣà. Dádì, ó tiẹ̀ rẹwà jù mí lọ! Kí ló dé tí ẹ kò fi irú imú yẹn fún mi?"

Ọdúntán pa fóònù náà. Ó gbójú sókè, ó rí Ọlájùmọ̀kẹ́ tó ń ti ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó ń rọra rìn, ó gbé báàgì sábẹ́ apá. Cornelius gbé obì kan sókè, kò rántí sọ ọ́ sí apẹ̀rẹ̀.

Ọlájùmọ̀kẹ́ dúró níwájú ọmọbìnrin náà.

"Dìde, ọmọ mi."

"Mi ò lè dìde, mà."

"Nítorí kí ni?"

"Ẹsẹ̀ mi ti kú."

Ọlájùmọ̀kẹ́ fi apá gbé e, ó fa àpótí kan fún un, ó ní kó jókòó. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

"Bàbá Ṣèyí, mo ti gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá ìjọ ti gbàdúrà fún mi. Wọ́n tún di ẹja dídín fún mi láti fi tù mí nínú. Ó wà nínú báàgì níbí."

"Jùmọ̀kẹ́, kì í ṣe ohun tí o rò."

"Kí ni mo rò? Ẹni tí kò lè da mílíìkì sínú tíì láìbi mí léèrè bó ṣe máa pọ̀ tó, ibo ló ti fẹ́ ráyè bímọ síta? Mo fún wọn láyè gbàdúrà nítorí ẹja ni. Ẹ sọ fún mi: kí ni ọmọ yẹn ń bèèrè tí ẹ kò lè fún un?"

Ọdúntán jókòó. Ó tiẹ̀ kọ́kọ́ rò ó lọ́kàn bóyá kóun kúkú jẹ́wọ́ ọmọ ìta náà. Ìtìjú ìyẹn kéré. Ọ̀pọ̀ èèyàn ńlá ló ti bímọ síta, wọ́n sì ń pè wọ́n ní olóyè síbẹ̀.

"Mi ò mọ ibi tó wà mọ́," ni ó wí níkẹyìn.

"Kí ni?"

"Fáàfù Àgbà. Igi iyeyè ni mo fi máa ń dá a mọ̀, wọ́n ti gé e. Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ni mo tún fi ń dá a mọ̀, wọ́n ti wó o. Jùmọ̀kẹ́, ohun tó kù fún mi ni pé wọ́n ṣì ń pè mí ní Bàbá Olómi. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo ti gbàgbé, ta ni yóò tún kanlẹ̀kùn mi? Èmi àti aago yìí la ó jọ máa wo ara wa."

Ọlájùmọ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi yẹ̀ lórí rẹ̀. Lójijì ló dákẹ́.

"Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ti Màdáàmù mi? Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́?"

"Ibẹ̀ náà ni."

"Níbi tí ẹ ti da omi sí aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà wa?"

"Omi ló ṣàdédé tú."

"Ẹ tú u ni! Kí ẹ lè rí ohun bẹ̀ mí fún." Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Ẹ dìde. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ yín. Ẹ dé fìlà."

Báyìí ni gbogbo àdúgbò ṣe rí ohun tí wọn kò retí. Bàbá Olómi jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lórí èjìká, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀lé e, ọmọ tí wọ́n ní ó bí síta ń tiro bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ọlájùmọ̀kẹ́ ní kí Cornelius gbé àga onígi kan tẹ̀lé àwọn, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ ọn tó báyìí. Àwọn òǹwòran kò sì lóǹkà.

Ní Òkè-Ẹ̀ṣọ̀, Ọdúntán tún bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ kiri. Ọlájùmọ̀kẹ́ fa apá rẹ̀.

"Ẹ̀yin ń wá igi. Igi ti lọ. Èmi ò wo igi nígbà yẹn. Ẹ̀yin ni mò ń wò. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo máa ń wà, màá wá máa wo àlàfo tó wà láàrin ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníkìnnìún yẹn àti ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Orí kọ́kọ́rọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fìlà yín. Bí mo bá ti rí orí kọ́kọ́rọ́, màá gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ, kí n má baà rán ìka mi mọ́ aṣọ ẹni ẹlẹ́ni. Bí a bá rí ibi tí mo máa ń jókòó sí, a ti rí fáàfù yín nìyẹn."

Ọdúntán dúró, ó ń wò ó. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé.

Ilé oníkìnnìún ṣì wà níbẹ̀, kìnnìún sìmẹ́ńtì rẹ̀ ti ká léyín, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò. Ilé agogo náà wà. Ọlájùmọ̀kẹ́ ní kí wọ́n gbé àga kalẹ̀, ó jókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ.

"Ẹ gòkè lọ, kí ẹ máa bọ̀!"

Ọdúntán gòkè, ó yípo lẹ́yìn ilé oníkìnnìún, ó ń bọ̀.

"Ẹ padà! Fìlà ni mo kọ́kọ́ rí! Cornelius, ẹ gbé àga síwájú díẹ̀."

Ó padà, ó tún bọ̀.

"Ẹ padà! Mi ò rí nǹkan kan rárá!"

"Jùmọ̀kẹ́, orúnkún mi o!"

"Ẹ má tẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn! Ẹ kì í tẹ̀ nígbà náà. Ẹ gbáyà sókè bí ìgbà tí ẹ ń wá mi wá!"

"Bàbá, ẹ gbáyà sókè!" ni gbogbo òpópónà ń kígbe. Àwọn ọlọ́kadà dúró. Olófóònù kan yí orin rẹ̀ wálẹ̀. Cornelius gbé àga sórí, òógùn bò ó.

"Ọdúntán, ṣé bí ẹ ṣe ń fẹ́ra yín nìyí? Ẹni tó ń gbé àga kò ha rí ìyà nígbà náà?"

"Ìwọ lo ní ó jọ mí níwájú orí! Gbé àga!"

Ó gòkè, ó sọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń sún, ó ń tún àga ṣe. Ọdúntán ti ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tó tún yọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbọ́ igbe kankan. Ó rí ìyàwó rẹ̀ láti òkè, ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù olófóònù kan, ó ti gbọ́wọ́ méjèèjì kúrò ní afẹ́fẹ́ bí ẹni gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó kàn ń wo àlàfo yẹn.

"Ibí ni," ni Ọlájùmọ̀kẹ́ wí nígbà tí ọkọ rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Ibi tí ẹ dúró sí yẹn. Ẹ máa ń súnmọ́ mi jù."

Ìníolúwa gba dígà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ omi tó ti ń dúró níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Olófóònù ń pariwo pé ẹsẹ̀ pátákó òun nìyẹn. Ọ̀dà fọ́, yanrìn jáde, irin sì kan irin: gbà! Wọ́n fọwọ́ nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò lójú ìdérí náà. Òpópónà hó yè.

Cornelius gbé àga kalẹ̀. "Ọdúntán, ṣebí o ní gbogbo omi Iléṣà, orí rẹ ló wà?"

"Ìwọ tíṣà ṣọ́ọ̀ṣì," ni Ọdúntán wí, ó ń mí, "ta ló kọ́ wa pé ara kan ni tọkọtaya? Orí kan náà ni. Apá ibẹ̀ ni kò sọ́dọ̀ mi."

Wọ́n ki kọ́kọ́rọ́ bọ fáàfù. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ọdúntán, Ìníolúwa, Cornelius àti olófóònù ni wọ́n jọ yí i, wọ́n ń kérora, títí ó fi ké kíì, tó sì gbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tan ẹ̀rọ tuntun, Ọdúntán kò lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ níwájú maíkì. Orí Fáàfù Àgbà ló lọ. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e, ó sì fi etí lé orí kọ́kọ́rọ́ náà, bí wọ́n ti máa ń ṣe láti gbọ́ bóyá omi ń kọjá nísàlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ pe ìyàwó rẹ̀. Òun náà fi etí lé e. Ó ń hó nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó ń gun òkè lọ.

"Ó ń bọ̀," ni Ọlájùmọ̀kẹ́ wí.

"Ó ń lọ ni," ni Ọdúntán wí. Wọ́n sì ń jà lórí ìyẹn títí wọ́n fi délé.

Nínú àwòrán tuntun tó wà ní Alékùwodò, wọn kò kọ Fáàfù Àgbà mọ́. Fáàfù Ìyá Ṣèyí ni Ìníolúwa kọ síbẹ̀. Ọ̀gá Mùtàlíbù sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fẹ̀yìn tì, kó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́, kó sì mú ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ dání.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mọ́tò ọ́fíìsì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọdúntán gbọ́ ọ kí ó tó dúró. Ó ti wọ agbádá, ó ti dé fìlà, ó ń sáré jáde.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Olómi," ni Ìníolúwa wí, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jókòó, sà, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ṣé Màmá wà nílé? Fáàfù mìíràn ló sọnù. Wọ́n ní àwọn ìyá kan tí àwọn àti Màmá jọ kọ́ṣẹ́ mọ ibẹ̀, a fẹ́ kí Màmá bá wa bá wọn sọ̀rọ̀."

Ọdúntán dúró gbọnin. Lókè orí rẹ̀, aago ọ̀kín bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀. Ó wo aago, ó wo mọ́tò, ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ti ń wé gèlè.

"Ta ni yóò wá bá a gbé àga?" ni ó bèèrè.

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó wọlé, ó gbé àga onígi náà, ó sì gbé e kọ́ èjìká, ibi tí kọ́kọ́rọ́ máa ń wà tẹ́lẹ̀. Obì tí wọ́n fún Ìyá Ṣèyí lọ́nà lọ́jọ́ náà, àpò rẹ̀ ló ń kó o sí. Nígbà tí wọ́n sì ń gun òkè bọ̀, àwọn tó wà lórí òkè rí ẹsẹ̀ àga kí wọ́n tó rí fìlà rẹ̀.